Bí A Ṣe Ń To Rédíò Ojú Ọjọ́ Kí Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì Àdúgbò Ẹni Lè Máa Wọlé

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, rédíò kan wà tí kì í kọrin, tí kì í ka ìròyìn òṣèlú, tí ó lè jókòó sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìfọhùn, ṣùgbọ́n tí yóò figbe ta láàárín òru nígbà tí ìjì bá dojú kọ àdúgbò tí ẹ ń gbé. Rédíò ojú ọjọ́ ni. Àjọ National Weather Service, tí ó wà lábẹ́ NOAA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun àti òfuurufú, ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru láti orí òpó tí ó lé ní 1,000 káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ àádọ́ta àti àwọn erékùṣù tí ó wà lábẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra rédíò yìí, ṣùgbọ́n wọn kò tò ó. Rédíò tí a kò tò dáadáa a máa ké nítorí ìjì tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, àwọn ará ilé a sú, wọn a sì yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Nígbà tí ìjì tiwọn bá wá dé, kò ní sí ẹni tí yóò jí wọn. Nítorí náà, títò rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé rédíò náà síwájú bí ẹ ṣe ń kà á.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1994, ìjì ààjà ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní tornado wó ilé ìjọsìn Goshen United Methodist nítòsí ìlú Piedmont, ní ìpínlẹ̀ Alabama, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Ènìyàn 20 ló kú. Àjọ ojú ọjọ́ ti kéde ìkìlọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 ṣáájú kí ìjì náà tó dé, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò dé etí àwọn tí ó wà nínú ilé náà. Ìṣẹ́jú 12 tó fún àgbàlagbà àti ọmọdé láti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi ààbò, bí wọ́n bá ti gbọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣebí fóònù wà. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2012 ni fóònù alágbèéká ti ń gba ìkìlọ̀ ìjọba ní Amẹ́ríkà, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni ó ń pa ohùn fóònù kí a tó sùn, òpó ilé iṣẹ́ fóònù náà sì lè wó tàbí kí iná rẹ̀ kú nígbà tí ìjì bá ń jà. Ní ti fèrè ìkìlọ̀ tí wọ́n gbé sórí òpó nígboro, àwọn tí ó wà ní ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó ti fèrèsé, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń dún ní yàrá rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọkàn lé e.

Yíyan rédíò

Rédíò FM tí a fi ń gbọ́ orin kò lè gbọ́ ohùn àjọ yìí, nítorí pé 108 MHz ni FM parí sí, nígbà tí ìkànnì méjèèje ti ojú ọjọ́ wà lókè réré: 162.400, 162.425, 162.450, 162.475, 162.500, 162.525 àti 162.550 MHz. Nítorí náà, rédíò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ni ẹ máa rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí páálí rẹ̀ wò, kí ẹ wá àwọn lẹ́tà mẹ́rin yìí: S.A.M.E. Lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ pé rédíò náà lè mọ àdúgbò tí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan wà fún, kí ó sì dákẹ́ bí kì í bá ṣe tiyín. Rédíò tí kò ní i kàn ń fetí sí ìró fèrè kan ṣoṣo ni, yóò sì ké fún gbogbo àdúgbò tí òpó náà ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tún rí àmì Public Alert lára páálí náà, ó túmọ̀ sí pé ó dé òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún irú rédíò bẹ́ẹ̀.

Rédíò kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí kí ó lè ní agbára dára nínú àpò ìrìnàjò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní S.A.M.E., n kò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa ṣọ́ yín lójú oorun. Bí ẹnìkan nínú ilé kò bá gbọ́ràn dáadáa, ẹ wá èyí tí ó ní ihò tí a lè so iná tí ń bù yẹ̀rì tàbí ẹ̀rọ tí ń gbọn ibùsùn mọ́.

Ibi tí a óò gbé e sí àti agbára tí yóò máa lò

Yàrá tí ẹ ń sùn ni ipò rẹ̀. Ilé ìdáná àti pálọ̀ ń fà wá mọ́ra nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń rí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òru ni a ń torí rẹ̀ rà á. Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, kí ẹ na àńtẹ́nà rẹ̀ tán pátápátá, kí ó sì dúró ṣánṣán bí òpó. Ìgbì ohùn yìí gùn tó nǹkan bíi mítà 1.85, àńtẹ́nà tí a sì ká sí ìdajì kò lè mú un dáadáa. Ẹ jìnnà sí fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti ohunkóhun tí ó jẹ́ irin gbàǹgbà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà gbà á dáadáa, nítorí pé ohùn náà ń rìn tààrà bí ojú ṣe ń ríran, òkè àti erùpẹ̀ sì ń dí i lọ́nà. Ohùn òpó kọ̀ọ̀kan sábà máa ń dé nǹkan bíi máìlì 40. Bí ẹ bá wà ní etí ibi tí ó parí sí, tàbí tí ilé yín jẹ́ ilé onírin, ẹ lè nílò àńtẹ́nà ti ìta, tí ọ̀pọ̀ rédíò ti ní ihò fún lẹ́yìn wọn.

Ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ iná ilé, kí ẹ sì ki òkúta bátìrì sínú rẹ̀. Méjèèjì ni ẹ nílò. Iná ilé ni yóò máa jẹ lójoojúmọ́. Bátìrì wà nípamọ́ fún wákàtí tí iná bá lọ, wákàtí náà gan-an sì ni ìjì sábà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má ṣe po bátìrì tuntun mọ́ àlòkù, kí ẹ sì ṣàkíyèsí pé ẹnu tí ó ní àmì ìròpọ̀ kọjú síbi tí wọ́n yà á sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki bátìrì náà, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri fún ìṣẹ́jú kan péré kí ẹ wò ó bóyá rédíò náà ṣì wà láàyè. Ìdánwò kékeré yìí ti fi han ọ̀pọ̀ ènìyàn pé bátìrì wọn ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.

Wíwá ìkànnì tí ó tọ́

Ẹ lọ sí weather.gov/nwr lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ìpínlẹ̀ yín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá káúńtì yín, ìyẹn ìpín ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé yín wà. Ẹ ó rí nǹkan mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé: nọ́ńbà kóòdù káúńtì náà, orúkọ òpó tí ń kéde fún un, àti ìkànnì òpó náà. Ẹni tí kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tí ń bójú tó pàjáwìrì ní káúńtì rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ rédíò ní bọ́tìnì tí ń wá ìkànnì fúnra rẹ̀, tí yóò sì dúró síbi tí ohùn bá ti rinlẹ̀ jùlọ. Ìyẹn rọrùn, ṣùgbọ́n òpó tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ jùlọ nínú yàrá yín lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kejì, tí kò ń kéde fún káúńtì yín rárá. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kedere, ọkàn yín yóò balẹ̀, ṣùgbọ́n kóòdù yín kò ní gba orí òpó yẹn kọjá láéláé, rédíò náà kò sì ní ké ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó ké. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí òpó méjì bá ń kéde fún káúńtì yín, ẹ tẹ́tí sí ìkọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ mú èyí tí ohùn rẹ̀ dún láìsí aruwo.

Kóòdù àdúgbò

Nọ́ńbà mẹ́fà ni kóòdù yìí jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland ṣe àpẹẹrẹ, tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ 024033. Òdo àkọ́kọ́ túmọ̀ sí gbogbo káúńtì náà pátá. 24 ni nọ́ńbà ìpínlẹ̀ Maryland. 033 sì ni ti káúńtì fúnra rẹ̀. Bákan náà ni 048201 ṣe jẹ́ Harris County ní Texas, níbi tí ìlú Houston wà: 48 ni Texas, 201 ni Harris. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ yìí kò ní tètè ṣe àṣìṣe, nítorí pé bí nọ́ńbà kejì àti ìkẹta kò bá ti jẹ́ ti ìpínlẹ̀ rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọwọ́ òun ti ṣì.

Ibì kan wà tí ẹsẹ̀ máa ń ti yọ̀. Àwọn ìlú kan kò sí lábẹ́ káúńtì kankan, wọ́n ní kóòdù tiwọn lọ́tọ̀. Baltimore jẹ́ ọ̀kan: kóòdù ìlú Baltimore ni 024510, nígbà tí Baltimore County tí ó yí i ká jẹ́ 024005. Ẹni tí ń gbé inú ìlú, tí ó sì tẹ kóòdù káúńtì nítorí pé orúkọ bá ara mu, ti ra rédíò fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Virginia náà, nítorí náà kí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láti tẹ̀ ẹ́ sínú rédíò, ẹ tẹ bọ́tìnì Menu, kí ẹ fi ọfà wá ibi tí a kọ SAME tàbí Location sí. Lórí ọ̀pọ̀ rédíò, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Single ni káúńtì kan ṣoṣo, Multiple ni káúńtì mélòó kan tí ẹ fúnra yín yàn, Any sì ni gbogbo ibi tí òpó náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mú Single tàbí Multiple. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yóò máa ṣẹ́jú. Ẹ fi ọfà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ yí i títí yóò fi bá ohun tí ó wà nínú ìwé yín mu, kí ẹ sì fi ọfà ọ̀tún bọ́ sórí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti pé, ẹ tẹ Select kí ó lè wọlé. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sínú Menu lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ ka nọ́ńbà náà jáde sókè, nítorí pé rédíò tí a kò tẹ Select lórí rẹ̀ lè ti padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi kan nígbà kan, mo sì béèrè rédíò ojú ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn rà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti gbé e jáde, wọ́n fi wáyà rẹ̀ dì í yíká. Wọ́n ní ó jí àwọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru ọjọ́ kan, kò sì sí ẹ̀kán òjò kankan níta. Nígbà tí mo tàn án, Any ni ó wà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti tún un ṣe, ó sì wà lẹ́bàá ibùsùn wọn títí di òní.

Ṣé kí ẹ fi káúńtì mìíràn kún tiyín? Ní tèmi, ẹ lè fi ẹyọ kan tàbí méjì kún un, pàápàá èyí tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn tàbí gúúsù ìwọ̀ oòrùn yín, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjì ààrá ní Amẹ́ríkà ti ń bọ̀ kí wọ́n tó forí lé ìlà oòrùn. Káúńtì tí ọmọ yín ti ń lọ sí ilé ìwé náà yẹ. Ṣùgbọ́n rédíò kan lè gba ju ogún kóòdù lọ, ìyẹn kò sì ní kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ kún un. Gbogbo kóòdù tí ẹ bá fi kún un ni yóò fi kún iye ìgbà tí yóò jí yín.

Irú ìkìlọ̀ àti bí yóò ṣe ké

Ẹ yan bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó máa pè yín: fèrè, ohùn ènìyàn, tàbí iná nìkan. Fún yàrá ìbùsùn, fèrè ni mo gbà yín níyànjú, kí ẹ sì gbé ohùn rẹ̀ sókè tó láti jí ẹni tí oorun wọ̀ lára. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa ohùn ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe pa rédíò náà fúnra rẹ̀. Yóò dákẹ́, yóò sì máa ṣọ́nà.

Ọ̀pọ̀ rédíò gbà kí ẹ pa irú ìkìlọ̀ kan kí ẹ sì fi òmíràn sílẹ̀. Àǹfààní ńlá ni, ó sì léwu. Bí ìmọ̀ràn nípa kùrukùru tàbí òtútù bá ń jí yín lásán, ẹ pa á. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìkìlọ̀ ìjì ààjà, ọ̀pọ̀ rédíò kì í tilẹ̀ gbà kí a pa á, ẹ má sì ṣe pa ti àgbàrá òjijì, kódà bí ilé yín bá wà lórí òkè, nítorí pé ojú ọ̀nà ni omi ti ń gbé ọkọ̀ lọ. Rédíò yìí kò mọ sórí ojú ọjọ́ nìkan: wọ́n ń fi kéde ọmọ tí wọ́n jí gbé, kẹ́míkà tí ó dà sílẹ̀, àti ìgbà tí nọ́ńbà 911 kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ fi àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀.

Dídán an wò

Àjọ náà máa ń fi ìdánwò ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, Ọjọ́rú ni, láàárín agogo 11 àárọ̀ sí agogo 12 ọ̀sán. Bí ojú ọjọ́ bá burú lọ́jọ́ náà, wọ́n a sún un síwájú kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìdánwò ni ìkìlọ̀ gidi. Ẹ jókòó ti rédíò náà ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó. Àwọn rédíò kan kì í fọn fèrè fún ìdánwò ọ̀sẹ̀, wọ́n kàn ń tan iná kékeré tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sójú wọn, nítorí náà ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ má fetí nìkan dúró. Bí ìdánwò bá kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìwọlé, ẹ padà lọ wo ìkànnì, kóòdù àti àńtẹ́nà, ní ìtẹ̀léra bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá gbé ohùn sókè, ẹ ó gbọ́ bí ìkìlọ̀ ṣe ń bọ̀. Ìró gààràgà kan yóò kọ́kọ́ wá lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ líle ya lẹ́bàá etí. Kóòdù àdúgbò àti irú ìkìlọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, rédíò yín sì ń kà á. Wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí rédíò lè fi ọ̀kan wéra pẹ̀lú èkejì bí ààrá bá ba apá kan jẹ́. Fèrè gbọọrọ kan yóò tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ìró kúkúrú mẹ́ta mìíràn ni yóò fi parí.

Nígbà tí ó bá ké ní tòótọ́

Ọ̀rọ̀ tí yóò hàn lójú rédíò ni kí gbogbo ará ilé mọ̀. Watch túmọ̀ sí pé àyè wà fún ewu náà láti ṣẹlẹ̀, kí ẹ wà ní ìmúrasílẹ̀. Warning túmọ̀ sí pé ewu náà ti ń ṣẹlẹ̀ tàbí pé ó ti dé tán. Kò sí àkókò àti máa bi ara ẹni léèrè. Ọ̀pọ̀ rédíò ń tan iná pupa fún Warning, àwọ̀ ọsàn fún Watch. Èyí wúlò púpọ̀ bí ìyá tàbí bàbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ń bá yín gbé, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pọ̀ òpó. Ẹ fi iná pupa náà hàn wọ́n lọ́jọ́ tí ọkàn balẹ̀, kí ẹ sì jọ rìn dé yàrá inú tí kò ní fèrèsé, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilé, kí ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà náà.

Láti ọdún 2007 ni àjọ náà ti ń ya agbègbè tí ìkìlọ̀ ìjì wà fún sórí àwòrán ilẹ̀, tí kì í fi í ṣe gbogbo káúńtì mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo káúńtì tí ìlà náà bá kàn ni rédíò ṣì ń jí. Bí káúńtì yín bá tóbi, ó lè ké nígbà tí ìjì náà wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹ fetí sí orúkọ ìlú àti òpópónà tí wọ́n ń dá, àti ibi tí wọ́n ní ìjì náà forí lé. Nígbà tí ó bá jẹ́ ìjì ààjà, ẹ kọ́kọ́ wọ ibi ààbò ná, kí ẹ gbé rédíò náà dání pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, kí ẹ sì máa gbọ́ ìyókù níbẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Oṣù Kẹta àti oṣù Kọkànlá, tí wọ́n ń yí aago padà ní Amẹ́ríkà, rọrùn láti rántí. Bí bátìrì bá ti ṣomi sínú ilé rẹ̀, ẹ nu ojú irin rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó ki tuntun. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣàyẹ̀wò bóyá aago rédíò náà àti kóòdù inú rẹ̀ ṣì wà bí ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ lẹ ìwé tí ẹ kọ kóòdù àti ìkànnì sí mọ́ abẹ́ rédíò náà, kí ẹlòmíràn nínú ilé lè tún un tò bí ẹ kò bá sí nílé.

Bí ẹ bá kó lọ sí ilé mìíràn, kóòdù àtijọ́ kò wúlò mọ́, àní bí ó bá jẹ́ pé odò kékeré kan péré ni ẹ sọdá. Ẹ tún un tò ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó tú àpótí ẹrù yòókù. Bí ẹ bá sì gbé e lọ sí ìrìnàjò, tí ẹ ń gba káúńtì kan bọ́ sí òmíràn lójú títì, Any ni kí ẹ fi í sí títí ẹ ó fi padà délé, kí ẹ sì máa wá ìkànnì tuntun ní nǹkan bíi máìlì ogójì-ogójì.